Páílọ́ọ̀tì Tí Kò Láṣẹ Àtifò Lálẹ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Ẹ wo ìyàwó mi lórí ìjókòó yẹn, ẹ wo ọmọ tó gbé lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ni mo torí wọn dìde. Ọpẹ́ mi ò lè tó oore tí Ọlọ́run ṣe fún mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dú u.

Ẹ mọ̀ pé yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi, Fọlákẹ́, ẹnjiníà ni, òkè Ọya lọ́hùn-ún ni kọ́ńpìnnì rẹ̀ gbé e lọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bíríìjì. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò lásìkò ọyẹ́. Lójijì ni ojú rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, kò ríran dáadáa mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá àlà, àfi ká tètè gbé e dé ọsibítù ńlá. Kọ́ńpìnnì pe bàálù kékeré kan kó wá gbé wa lọ sí Èkó. Bàálù tètè dé, àwa la pẹ́. Áńbúláǹsì wa rì sínú yanrìn lójú ọ̀nà, nígbà tí a fi máa dé pápá bàálù, oòrùn ti ń wọ̀.

Páílọ́ọ̀tì náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gbénga, wo ojú ọ̀run, ó wo ìyàwó mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mi ò gbọdọ̀ fò mọ́ báyìí."

Mo rò pé bàálù ló bàjẹ́. Ó ní rárá. Ó ní òkè òkun lòun ti kọ́ṣẹ́, òun sì ń fò lálẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yí láísẹ́nsì òun padà sí ti Nàìjíríà, ojúmọmọ nìkan ni wọ́n fún òun láṣẹ. Ó di ìgbà tí òun bá fò lálẹ́ pẹ̀lú olùkọ́ níbí, tí òun sì yege ìdánwò.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà ti fò lálẹ́ rí."

Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn, iná wà nílẹ̀ káàkiri. Nínú eruku ọyẹ́ yìí, mi ò ní mọ ọ̀run yàtọ̀ sí ilẹ̀. Tí mo bá ṣìnà, gbogbo wa la lọ yẹn."

Ọ̀gá rẹ̀ pè é. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù: "Ta ló máa mọ̀? Gbé wọn, kó o máa bọ̀."

Gbénga ní, "Ọ̀gá, wọn ò tíì fún mi láṣẹ alẹ́."

Mo kúnlẹ̀ ti ìyàwó mi, mo ń gbàdúrà, Ìjẹ̀bú ló sì ń jáde lẹ́nu mi. Gbénga ní ọmọ Òde-Omi lòun, létí ọ̀sà Ìjẹ̀bú níbẹ̀. Ẹ̀yin ará, ìyẹn ló wá dùn mí jù, pé ọmọ ilé wa ló ń wò wá níran. Mo sọ̀rọ̀ burúkú sí i. Ó sáré kúrò níbẹ̀.

Àṣé ó lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ pápá, ó ń bi wọ́n bóyá páílọ́ọ̀tì mìíràn wà nítòsí. Wọ́n ní kápúténì obìnrin kan, Hauwa, ti já èrò sílẹ̀ láàárọ̀, ó ń sinmi nílé àlejò. Gbénga gun ọ̀kadà lọ bá a. Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí ni mo ṣì wà tí àwọn méjèèjì fi dé. Àṣẹ alẹ́ wà lọ́wọ́ Hauwa. Gbénga bá wa gbé Fọlákẹ́ sínú bàálù obìnrin náà, òun fúnra rẹ̀ ló de bẹ́líìtì mọ́ ọn. A fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú bàálù tirẹ̀.

A gúnlẹ̀ sí Èkó láyọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Fọlákẹ́, wọ́n gbọ́mọ jáde. Ọmọ kéré, ṣùgbọ́n ó ké. Ìyá rẹ̀ sì là á já.

Ọ̀gá Gbénga lé e kúrò níṣẹ́. Nígbà tí ara Fọlákẹ́ yá, a wọkọ̀ ojú omi lọ wá a ní Òde-Omi. Ó ń bá bàbá rẹ̀ gbé èrò lórí ọ̀sà. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní kò sóhun tí mo ṣe fún òun, ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó mi, kò sì fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́.

Ẹ rántí pé mo mú orúkọ rẹ̀ wá síbí, tí ẹ gbààwẹ̀ fún un. Kápúténì Hauwa náà ló kọ́ ọ ní fífò alẹ́. Ó féèlì ìdánwò àkọ́kọ́, kò sì fẹ́ padà lọ. Àwọn ìyá àdúrà wa ló pè é, tí wọ́n ń gbàdúrà fún un lórí fóònù títí tó fi gbà. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó yege. Kọ́ńpìnnì Hauwa sì gbà á síṣẹ́.

Mo fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láàárọ̀ yìí. Ó pè kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí ẹ dárí ji òun: aláìsàn kan wà tí òun ń lọ gbé, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí àwọn tó dé Èkó. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi gbé ògo fún Ọlọ́run, kí ẹ sì fi Gbénga sínú àdúrà ìrọ̀lẹ́ yín.