Ìró Tí Kọ̀ǹpútà Gbọ́, Tí Etí Mi Kò Gbọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, nítorí ó ti kọjá agbára mi. Ìgbéyàwó mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, wọ́n sì ń kí ìyá mi kú oríire káàkiri ìlú wa, Ìrókò, ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n ń torí mi yọ̀ kì í lè jẹun yó. Bí Adéọlá, ọkọ àfẹ́sọ́nà mi, bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo máa ń wò. Ó rò pé ìfẹ́ ni. Ó tilẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín pé, "Ṣé oyin wà lẹ́nu mi ni, tí o fi ń wò ó báyìí?" Háà! Ta ni yóò sọ fún un pé bí n kò bá wo ẹnu rẹ̀, ìdajì ohun tó ń sọ ni kò ní yé mi?

Ibi iṣẹ́ ni àṣírí náà ti tú sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi tí mo wá iṣẹ́ títí, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ bá obìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí lórí ẹja àrọ̀ ní àwọn oko ẹja tó wà lápá Lágelú. Wọ́n máa ń ri ẹ̀rọ agbóhùn kékeré kan tí omi kì í bà jẹ́ sínú adágún ẹja, gbogbo ìró tó bá wà nísàlẹ̀ omi ni yóò sì gbà sílẹ̀. Ẹ má rò pé abẹ́ omi dákẹ́ o! Ẹja ń jẹun, ìrù ń gbá omi, òjò ń rọ̀ sójú omi bí ìgbà tí èèyàn ń yan ẹ̀pà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi ń kùn. Iṣẹ́ èmi àti Bísí, ẹnìkejì mi níbẹ̀, ni pé kí a fi íápíìsì sétí, kí a gbọ́ ìró kọ̀ọ̀kan, kí a sì sọ ọ́ lórúkọ fún kọ̀ǹpútà. Èyí ẹja, èyí òjò, èyí ẹ̀rọ. Bí ọmọdé ṣe ń kọ́ orúkọ nǹkan lẹ́nu ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà náà ń kọ́ ọ, títí yóò fi lè dá wọn mọ̀ fúnra rẹ̀. Dìípù-lánìn ni ọ̀gá wa ń pe irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní bó bá gbọ́n tán, yóò lè ké sí olóko lórí fóònù kí atẹ́gùn tó tán nínú omi, kí ẹja má baà kú.

Iṣẹ́ náà wù mí gan-an. Láti kékeré ni mo ti ń fi etí mi yangàn, akọrin ni mí ní ìjọ Aládùúrà wa. Ọ̀gá mi a máa sọ pé, "Etí ọmọ yìí, wúrà ni."

Àfi bí kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta kò mí. Ìró kan wà, tínrín báyìí, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń jò lára táyà kẹ̀kẹ́. Bí páìpù tó ń gbé atẹ́gùn bá lu lábẹ́ omi ló máa ń dún. Níbi tí mo bá ti kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan, kọ̀ǹpútà, tó ti kọ́ ìró náà lọ́dọ̀ Bísí, a ní páìpù ń jò. Ọ̀gá mi gbè sẹ́yìn mi. Wọ́n ní ẹ̀rọ ni kò tíì gbọ́n, ká tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bísí ló ní ká kọ́kọ́ jọ gbọ́ ọ ná. Ó jẹ́ kí ó máa dún sókè lórí tábìlì. Mo tẹ́tí, mo tẹ́tí, ariwo ẹ̀rọ nìkan ni mò ń gbọ́.

"Òun nìyẹn," ni ọ̀gá mi wí. "Ó ń dún ṣíí."

"Níbo, mà?" ni mo bi wọ́n.

Bísí yíjú sí mi. "Ó ṣì ń dún o. Ṣé o ò gbọ́ ọ ni?"

Gbogbo yàrá náà pa rọ́rọ́. Àbí èmi nìkan ni ó pa rọ́rọ́ sí? N kò mọ̀.

Ọ̀gá mi fúnra wọn ló mú mi lọ sílé ìwòsàn. Dókítà yẹ etí mi wò, wọ́n ní méjèèjì ló ti ń kú lọ, pé àwọn ìró tínrín ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ìyókù yóò sì máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ wà tí a ń fi sétí tí yóò ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ. Wọ́n wá bi mí bóyá ẹnìkan nínú ẹbí mi ní irú rẹ̀. Ẹkún ni mo fi dáhùn. Etí ìyá mi ti di láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n gbàdúrà lórí òkè, kò yí padà. Bàbá mi ní ó ti rẹ òun láti máa pariwo nínú ilé ara òun bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì. Wọ́n kó lọ bá obìnrin mìíràn ní Ṣáṣá, wọn kò sì padà wá mọ́. Ẹ̀rọ tí mo kọ́ lórúkọ ìró ló wá fi àrùn ìyá mi hàn mí lára ara mi!

N kò sọ fún ìyá mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí a jọ ń bẹ ẹ̀gẹ́, aládùúgbò wa kan ń bá mi sọ̀rọ̀, mo sì tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀. Ìgbà tí mo máa wo ẹ̀gbẹ́ mi, ìyá mi ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, èmi ni wọ́n ń wò. Bí obìnrin náà ṣe lọ tán, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú.

"Ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, àbí?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Igbe tí ìyá mi ké lọ́jọ́ náà, àwọn fúnra wọn kò gbọ́ ọ. Èmi gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ fún Adéọlá. "Jẹ́ kó gbé ọ wọlé ná. Bí ọmọ bá ti dé, ọmọ á dì í mú." Ó wà lẹ́nu mi kí n bi wọ́n pé ṣebí lẹ́yìn tí wọ́n bí mi ni bàbá mi lọ.

Ohun tó tún wá dá kún un ni pé nígbà tí àwọn ẹbí Adéọlá wá tọrọ mi, wọ́n béèrè ohun tó ṣe ìyá mi létí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn pé ibà ni. Èmi náà gbà á gbọ́ nígbà yẹn. Ní báyìí, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì dákẹ́. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí ọmọ tí mo bá bí jogún rẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ tó kan ọmọ tí a kò tíì bí, èmi nìkan ló yẹ kí n mọ̀ ọ́n?

Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́. Olùkọ́ ni Adéọlá ní Olódò, onísùúrù èèyàn ni, kì í gbé ohùn sókè. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn nílé, ó ní bí a bá bímọ, èmi ni n óo máa kọ́ wọn lórin. Mo ní, "Adéọlá, etí mi..." Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ wọlé. Adéọlá bi mí pé kí ni mo fẹ́ sọ. Mo ní kò sí nǹkan, pé kí Ọlọ́run jẹ́ ká rí ọjọ́ náà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo tún rí ìyá mi, bí wọ́n ṣe dá jókòó sílé láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, Adéọlá fẹ́ mú mi lọ wo ilé tó gbà fún wa, àwa méjèèjì nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nílé ọkọ, ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ lè fi òtítọ́ inú dá mi lóhùn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà, kí a tó wọlé? Àbí kí n dúró di ọjọ́ tí yóò pè mí láti yàrá kejì, tí yóò pè, tí yóò pè, tí n kò ní dáhùn?