Ìyá Orí Fóònù

Lásìkò tí owó ọkọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó ń lé sí i lójoojúmọ́, obìnrin méjì jókòó níwájú mi nínú bọ́ọ̀sì, èyí àgbà ń ráhùn nípa ọmọ rẹ̀ tó ń gbé fídíò àdúrà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ibi tí mo ti ń fọ abọ́ ló ti ká mi sílẹ̀, tí mò ń ṣàdúrà fún un. Adìẹ ń ké, abọ́ ń ró, àwọn èèyàn ń ṣe àmín. Nígbà tó yá, ó ní kí n ró ìró tó ya, kí n kúnlẹ̀, kí n sunkún. Mo parí tán, ó ní, 'Mọ́mì, ẹ tún un gbà, omijé yẹn ò hàn.'"

"Ẹ sì tún un gbà, mà?"

"Mo tún un gbà! Bí ẹni pé etí Ọlọ́run di. Àwọn èèyàn wá ní eré ni mò ń ṣe. Inú bí ọmọ mi, ló bá fi ẹ̀rọ AI orí fóònù ṣe ìyá mìíràn sínú fídíò, arúgbó tí kò sí láyé rí. Omijé tìyẹn ń dà bí òjò. Wọ́n ní ìyá gidi nìyẹn."

Èyí kékeré bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò sọ fún wọn pé irọ́ ni?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo wò ó, gààrí ti tán nílé. Ìyá yẹn ní ìkòkò wa ò ní ṣófo. Àmín ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó ń gbàdúrà."