Àwọn Tó Wá Wo Dúróònù

Ọ̀rọ̀ ìyá kan àtọmọ rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi látìgbà tá a jọ wọ tasí n'Ílódè. Ọmọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀:

"Màámi, àwọn tẹ́ ẹ lé padà lánàá, ìjọba ló rán wọn. Wọ́n fẹ́ wo dúróònù, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí mò ń ṣe fáwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ igbó, kí wọ́n tó fún mi lówó ìwádìí. Wọ́n ti gbé owó náà fẹ́lòmíì."

"Wọ́n wọ kóòtù, wọ́n ń bèèrè ẹ nílé. Mo rò pé ọlọ́pàá ni. Mo ní mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé o sọ fún mi ni?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í pariwo ohun tí ò tíì yọrí."

Nígbà tá a dé Ẹnuwà, ìyá ní:

"Ó mà ti yọrí, ọmọ mi. Ó wá bá wa dé ẹnu ọ̀nà, èmi ni mo lé e padà."