Èmi Ni Mo Ba Orúkọ Rónkẹ́ Jẹ́ Nítorí Kànga Kan ní Ìbà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé sínú láti ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ mi pàápàá kò mọ̀. Ǹ bá gbé e bẹ́ẹ̀ wọ sàréè. Ṣùgbọ́n ó ti wá dé orí ọmọ ọlọ́mọ, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n sì fẹ́ kí n wá jẹ́rìí.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mí, wolé-wolé ni iṣẹ́ mi. Àwa la máa ń wọ ilé onílé lọ yẹ ẹ̀yìnkùlé, ilé ìyàgbẹ́ àti kànga wò, ká mọ̀ bóyá ó lè fa àìsàn. Èmi àti obìnrin kan tí n ó máa pè ní Rónkẹ́ la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Wọ́n fún èmi ní apá Òkòkòmáìkò, wọ́n fún òun ní apá Ìbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ń jowú Rónkẹ́. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ mí. Bó bá wọ àdúgbò, àwọn èèyàn á jáde sí i, wọ́n á máa kí i bí ẹni pé àbúrò wọn ló ti ìrìn àjò dé. Tí èmi bá wọ àdúgbò tèmi, ńṣe ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn. Nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ á wá dúró dè é ní ìdúrókọ̀, á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ tèmi, bí mo bá ti wọlé, ohun tó máa bi mí ni kí la fẹ́ jẹ.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni pé Rónkẹ́ kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Omi lásán, kì í mu ún nílé tó bá lọ yẹ̀ wò. Ó ní bí òun bá mu omi onílé tán, ẹnu òun ò ní gbà á láti sọ fún un pé ilé rẹ̀ dọ̀tí. Èmi a máa gbà. Bí wọ́n bá fún mi ní ẹja láti etí omi Ọjọ́, n ó wé e sínú báàgì, n ó sì dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa la máa ń gbà á. Ṣùgbọ́n bí Rónkẹ́ bá ti wà nítòsí, ẹja náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí mi nímú, òun ni n ó sì máa bínú sí.

Bàbá onílé kan wà ní Ìbà, gbogbo àdúgbò ló ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Bàbá yìí ni wọ́n bá Rónkẹ́ wá yàrá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí ọmọ ni wọ́n mú un. Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ló ń pọn omi kànga wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, Bàbá kọ́ ilé mìíràn sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì gbẹ́ sọ́kàwéè, ihò tí ìgbẹ́ ń ṣàn sí, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga náà gan-an. Rónkẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e kúrò. Wọ́n kọ̀. Ó tún padà lọ kúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀, ó kó òṣìṣẹ́ lọ, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ẹnu kànga. Wọ́n ní ẹkún ló ń sun bí wọ́n ṣe ń dí i.

Ọgá wa yìn ín níwájú gbogbo wa. Wọ́n ní irú òṣìṣẹ́ tí ìjọba ń wá nìyẹn, ẹni tí kì í wojú. Ọgá wa ti fẹ́ fẹ̀yìn tì nígbà náà, a sì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá yìn ni wọ́n máa fi rọ́pò ara wọn. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n inú mi ń gbóná bí ààrò. Mo ti fi ọkàn mi sí ipò yẹn tipẹ́.

Ni mo bá lọ sọ́dọ̀ Bàbá, mo ní mo wá bá wọn kẹ́dùn. Wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo fojú ara mi rí kànga àti sọ́kàwéè, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun tó yẹ ni Rónkẹ́ ṣe. Bàbá wá bi mí bóyá ó burú tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Mo ní, "Bàbá, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi obìnrin tó ń ta omi ẹ̀rọ lójú títì yẹn, kí ni Rónkẹ́ máa ń wá ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́?"

Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, omi ni Rónkẹ́ máa ń rà níbẹ̀. Nítorí pé kì í mu omi onílé, ibẹ̀ ló ti máa ń bu omi sínú ìgò rẹ̀, á sì sanwó. Mo mọ̀, a ti jọ dúró níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo mọ bí Bàbá ṣe máa gbọ́ ọ. Wọ́n máa gbà pé obìnrin olómi ló fún Rónkẹ́ ní rìbá kó dí kànga ọ̀fẹ́, kí gbogbo àdúgbò lè máa ra omi lọ́wọ́ òun.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti gba àdúgbò kan. Bàbá wá fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì. Àwọn aláṣẹ wádìí, wọn ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí Rónkẹ́ kúrò ní Ìbà kí ariwo lè rọlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí apá Ìjànikin, wọ́n fi í sídìí tábìlì níbi tí kò ti ní bá ará ìlú ṣe mọ́. Èmi ni wọ́n fi ṣe ọgá.

Bàbá wá bá mi pé kí n bá àwọn ṣí kànga náà. Mi ò ṣí i. Mo mọ ohun tó wà nínú omi yẹn. Mo fi ọ̀rọ̀ dídùn tan wọ́n títí ó fi sú wọn. Kò sẹ́ni tó bi mí pé bí Rónkẹ́ bá gba rìbá dí i, kí ló dé tí èmi náà ò jẹ́ ṣí i.

Ẹ lè rò pé owú mi á tán nígbà tí mo dépò. Kò tán. Rónkẹ́ pè mí lórí fóònù, ó bá mi yọ̀ tọkàntọkàn. Ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé èmi nìkan ni ọ̀rẹ́ tí òun ní lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn tún dùn mí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo fẹ́ kó bínú, kó ṣépè, kí n rí ohun kan tí kò dáa lára rẹ̀.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin rẹ̀ rí ọkọ, ọmọ ilé kan ní àdúgbò Bàbá yẹn náà. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe é. Kí ìdílé ọkọ tó wá tọrọ ìyàwó, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí irú ilé tó ti jáde. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ kànga. Ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, ìyá àgbà kan, bá wá sílé mi ní Òkòkòmáìkò. Wọ́n ní èmi tí mo bá Rónkẹ́ ṣiṣẹ́, kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, àwọn ò fẹ́ kó sínú ìdílé agbowó ẹ̀yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni ìtìjú mi wà jù. Ọlọ́run fún mi láàyè láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tèmi wà ní yàrá kejì. Ó dàgbà ju ọmọ Rónkẹ́ lọ, kò sì tíì mú ẹnikẹ́ni wálé. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń dá rẹ́rìn-ín sí fóònù rẹ̀. Mo rò ó lọ́kàn mi pé, ṣé ti Rónkẹ́ náà ló tún máa ṣáájú ni?

Mo ní, "Ẹ̀yin náà, Mà, ẹ wádìí dáadáa."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n dìde. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dúró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rónkẹ́ wá bá mi. Ó ti rù. Ó ní ọmọ òun kì í jẹun mọ́, ó ní bí ọmọ náà bá wo òun báyìí, ńṣe ló dà bíi pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti ń bi ara rẹ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó ní ìdílé ọkọ ti gbà láti gbọ́ ẹjọ́ náà lọ́jọ́ Àìkú, tí òun bá lè mú ẹni tó mọ òun wá. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

Ó ní, "Ìwọ nìkan lo mọ̀ mí níbi iṣẹ́ yẹn. Ṣáà bá mi sọ fún wọn pé mi ò gba nǹkan kan."

Mo ní n ó lọ.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Mo rò pé kí n kàn sọ pé èèyàn dáadáa ni, kí n sì dákẹ́. Kò ní ṣeé ṣe. Bàbá ṣì wà láyé, àwọn ni àgbà tí wọ́n máa jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà, wọn ò sì gbàgbé ẹni tó sọ̀rọ̀ fún wọn ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá àgbà náà á wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí mo bá la ẹnu, gbogbo rẹ̀ ló máa tú, lójú Rónkẹ́ àti lójú ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ mi lè bọ́, ìfẹ̀yìntì mi ò sì jìnnà mọ́. Bí mi ò bá lọ, ọmọ ọlọ́mọ á pàdánù ọkọ nítorí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n sọ òtítọ́, mo mọ ìyẹn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù yàtọ̀. Nígbà tí Rónkẹ́ gbórí lé èjìká mi tó ń sunkún, tí mò ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, tí mò ń sọ fún un pé ó ti tó, inú mi dùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, irú èmi yìí, ṣé mo lè jókòó síwájú wọn lọ́jọ́ Àìkú, kí òtítọ́ sì jáde lẹ́nu mi?