Èmi Ni Mo Gun Òkè Lọ́jọ́ Tí Garth Kú

Noreen, àbúrò mi, jókòó kí o gbọ́. Dókítà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù fún mi, mi ò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ inú ilẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi purọ́ mọ́ Garth ọkọ rẹ.

O rántí ọ̀kadà yìnyín, ẹ̀rọ tó ń sáré lórí yìnyín, tí mo rà lọ́dún tó kú. Garth ló bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ láàárọ̀ Sátidé yẹn. Kí n sòótọ́, mi ò gun ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Èyí àtijọ́ wúwo. Bí mo bá ti yí i lẹ́ẹ̀mejì, èjìká á máa ro mí. Èyí tuntun, mo kàn fi ara tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni, ó ti yà. Yìnyín tó lè mù mí dé ìbàdí, ńṣe ló ń fò lórí rẹ̀. Mo ń pariwo nínú akoto mi bí ọmọdé, èmi àgbàlagbà òṣì.

Garth ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àna mi, ṣé o ò ní gbé e sùn lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí?"

"Owú ló ń jẹ ọ́!"

Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè ńlá, ó pa ẹ̀rọ tirẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ki ọwọ́ bọ yìnyín. "Lorne, ibí yìí ò dáa. Atẹ́gùn ti kó yìnyín tuntun jọ sórí èyí tó ti gan. Ẹni tó bá gùn ún, gbogbo ẹ̀ ló máa ya wálẹ̀."

"Ojo lásán-làsàn!"

"Pè mí ní ojo. Mo ti ṣèlérí fún Noreen pé mi ò ní gun ibẹ̀. Ìwọ náà, má gùn ún. Jẹ́ ká mu ọbẹ̀, ká máa lọ."

Ó jókòó, ó ń ṣí fúláàsì. Mo rí i pé abẹ́ òkè gan-an ló wà. Mi ò tiẹ̀ ní kó sún. Mo tẹ iná. Ọ̀kadà náà gun òkè, Noreen, bí ẹni pé ilẹ̀ títẹ́jú ni. Mo dé òkè, mo gbé ọwọ́ sókè kó lè rí mi. Ìgbà náà ni nǹkan dún gbàù lábẹ́ mi, gbogbo yìnyín ibẹ̀ sì ya lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀, mi ò rí Garth mọ́. Nígbà tí ṣọ́bìrì mi fi máa kàn án lábẹ́ yìnyín, ó ti kú.

Èyí tó burú jù ni ti ilé ìdáná rẹ. O bi mí pé, "Ta ló gun òkè?" Mo wo ojú rẹ, mo ní, "Garth ni. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́." O bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ sórí tábìlì. O ní, "Ó ṣèlérí fún mi." Láti ìgbà náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fáwọn ọ̀dọ́ ní ìlú Revelstoke níbí: "Ẹ má ṣorí kunkun bíi Garth." Èmi náà á wà níbẹ̀, màá máa mi orí.

Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ọlọ́pàá láàárọ̀ yìí, mo sì fọwọ́ sí i. Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ṣùgbọ́n Tessa ọmọ rẹ ò dé ibojì bàbá rẹ̀ rí, ìbínú ò jẹ́. Jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà tí mo bá kú. Ẹ jọ lọ lọ́la.