Ọkọ Mi Láàrin Àwọn Tó Ń Gé Lẹbẹ Ẹja

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, bí ẹkún bá gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ẹ fara dà á fún mi. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, lẹ́yìn àdúrà àwa opó, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, oorun sì gbé mi lọ. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan di ọwọ́ mi mú.

"Níbo ni ọkọ mi wà?" Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í nìyẹn.

Ó mú mi dé etí omi kan tó mọ́ gaara, níbi tí àwọn olóòótọ́ ti ń sinmi. Mo wo ojú gbogbo ọkùnrin ibẹ̀. Díákónì ọkọ mi kò sí níbẹ̀.

A bá sọ̀ kalẹ̀. A kọjá lára àwọn onírọ́ tí ahọ́n wọn wú dí wọn lẹ́nu, àti àwọn tó ń ni aláìní lára tí wọ́n ń ru òkúta gbígbóná. Ni mo bá rí ẹrẹ̀ kan tó ń hó, àwọn èèyàn ń rá pálá nínú rẹ̀, wọn kò lójú, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá nǹkan, wọ́n ń wá, wọ́n ń ké, mo sì gbọ́ ohùn kan, Jésù o, ohùn ọkọ mi ni!

"Kí ló ṣe?"

Olùtọ́nà mi ní, "Ṣé o mọ òfin odò yín?"

Mo mọ̀ ọ́n. Àrọ̀ tó ní lẹbẹ gígùn kan ṣoṣo lẹ́yìn, ká mú un níwọ̀nba. Èyí tó jọ ọ́, tó tún ní lẹbẹ kejì tó rọ̀ bí ọ̀rá nítòsí ìrù, ká dá a padà sómi, torí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Inú ọkọ̀ ló ti máa ń gé lẹbẹ kejì náà kó tó gúnlẹ̀, kí wọ́n lè pè é ní àrọ̀ lásán. Ohun tó gé ló ń wá."

Ẹ̀yin ará, èmi ni mo ń yan ẹja yẹn! Bí mo bá bi í léèrè ọgbẹ́ ẹ̀yìn ẹja náà, á ní àwọ̀n ló ya á. Mo gbà á gbọ́, mo sì bá àwọn tó fẹ̀sùn kàn án jà.

Mo bẹ́ sínú ẹrẹ̀ náà. "Baba Ṣadé, èmi rèé o! Ẹ dá mi lóhùn!"

Ó rá wá. Ó fọwọ́ wá ẹ̀yìn mi láti ọrùn dé ìdí, ọwọ́ tó fi ń pa mí lẹ́yìn nígbà tí mo bá ń rọbí.

"Kò ní lẹbẹ," ló wí, ó sì rá kọjá lọ.

Olùtọ́nà fà mí jáde. "Padà lọ sọ fún àwọn tí ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn."

Mo bá jí, àwọn opó ẹgbẹ́ mi ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi. Ẹ̀yin apẹja tó jókòó síbí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ tú ẹja yẹn sílẹ̀ tòun ti lẹbẹ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin yẹn ni mo sùn títí mo fi darúgbó. Ó fọwọ́ kàn mí, kò mọ̀ pé èmi ni.