Ìdáhùn Tí N Kò Jẹ́ Kó Dé Etí Ìyàwó Télọ̀

Ẹ̀yin ará ìjọ Lúteran wa, ẹ sún mọ́ ibùsùn mi. Dókítà ti sọ tirẹ̀. Ó kù kí n sọ tèmi kí ẹnu mi tó pa dé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú ju àìsàn tó dá mi dùbúlẹ̀ lọ.

Ẹ rántí bí a ṣe máa ń jókòó yíká nínú gbọ̀ngàn lẹ́yìn ìsìn, tí Pásítọ̀ á mú ọ̀rọ̀ kan látinú Bíbélì, tí tọmọdé tàgbà á jọ máa fà á. Lọ́jọ́ kan, èmi bíríkìlà yín sọ pé ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tí mo mọ lọ́fẹ̀ẹ́ yóò gbẹnu sọ fún mi lọ́run. Télọ̀ ìjọ wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé búlọ́ọ̀kù lẹ fẹ́ tò dé ọ̀run ni? Oore-ọ̀fẹ́ ńkọ́?" Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ pàápàá fi Bíbélì bojú. Nígbà tó yá, Télọ̀ wá bẹ̀ mí, ó ní àwàdà ni. Mo ní kò sí nǹkan. Irọ́ ni. Aṣọ tó rán fún mi, n kò wọ̀ ọ́ mọ́ títí dòní.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó rẹ̀ bímọ, ọmọ náà sì kú kí a tó sàmì fún un. Obìnrin náà dìde láàárín wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lọmọ mi wà?" Pásítọ̀ ní kí gbogbo wa lọ yẹ Ìwé Mímọ́ wò, kí a jọ dá a lóhùn ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.

Àárín ọ̀sẹ̀ ni mo pàdé obìnrin náà lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Wàrà ọmú ṣì rin iwájú ẹ̀wù rẹ̀. Mo rí i, àánú kò ṣe mí. Ọkọ rẹ̀ ni mo ń wò lójú rẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó wa, àwa àgbà ìjọ ti pàdé. Ọmọ tí a kò sàmì fún kò lè rí ọ̀run wọ̀."

"Bàbá, ṣé Pásítọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni. Ojú rẹ ló ń tì í. Má bi í mọ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ o: ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun àti ọkọ rẹ̀ kò wá. Opó tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì ní, "Èmi ò mọ púpọ̀ o, ṣùgbọ́n Jésù tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ mọ́ra kò ní ti eléyìí síta." Pásítọ̀ ní òótọ́ ni, pé bí ọwọ́ wa bá tilẹ̀ pẹ́ láti sàmì fọ́mọ, àánú Ọlọ́run kì í pẹ́. Ó béèrè ẹni tí yóò lọ sọ fún wọn. Èmi ni mo nawọ́. N kò débẹ̀. Mo kàn padà wá sọ pé wọ́n ní àwọn kò fẹ́ rí ojú Pásítọ̀ mọ́. Ìgbà tí wọ́n kó kúrò ládùúgbò, Pásítọ̀ rò pé ìbéèrè wa ló lé wọn, ló bá fòpin sí ìjókòó náà. Ẹ̀yin náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo sì dákẹ́.

Láìpẹ́ yìí, àbúrò mi obìnrin rí ìyàwó Télọ̀, ó pè é wá sí ìsìn. Ìyàwó Télọ̀ ní, "N kò ní wọ ilé ẹni tí kò gba ọmọ mi sílé."

Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá obìnrin náà kàn. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ béèrè, kí ẹ sì dá a lóhùn lójú gbogbo ìjọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹ fèsì níbẹ̀. Ẹ má gbé e relé. Bó bá béèrè ẹni tó parọ́ fún òun, ẹ sọ pé èmi ni. Ẹ sọ fún un pé Pásítọ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.